Mubaraq, Ẹni Tó Jókòó Lọ́wọ́ Ọ̀tún

Sí Alhaja Ràmọ́tà Gàfárù àti gbogbo ẹbí, Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó wọ̀ wá lákínyẹmí ara ni Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Bàálù Ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń kí yín kú ọ̀fọ̀ ọmọ yín, Mubaraq, igbákejì awakọ̀ bàálù, tí àìsàn ránpẹ́ mú lọ. Ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Níbi ìsìnkú, Ìyá wa, ẹ bi wá léèrè pé, "Wọ́n ní ọmọ mi ò di ọ̀gá títí ó fi kú. Ṣé kò mọ iṣẹ́ ni?" Ìdáhùn wa nìyí.

Nínú bàálù, ọwọ́ òsì ni ọ̀gá awakọ̀ ń jókòó sí, igbákejì rẹ̀ a wà lọ́tùn-ún. Ẹni ọwọ́ ọ̀tún kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Tí ọ̀gá bá ṣe é re, yóò tẹ̀ lé e tọkàntọkàn. Tó bá ń ṣì í ṣe, yóò wí i. Wíwí yẹn ló nira fún àwa tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé a kì í já àgbà nírọ́.

Nígbà ọyẹ́ kan, Ọláníyì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀gá, Mubaraq ni igbákejì. Wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kùrukùru bo ibi tí wọ́n fẹ́ bà sí. Mubaraq ní, "Ọ̀gá, n ò rí ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sókè." Ọláníyì ní yóò hàn láìpẹ́. Mubaraq kò pariwo, kò sì dákẹ́. "Ẹ gòkè, sà. A ò rí ilẹ̀." Ọláníyì gòkè. Ìlú mìíràn ni wọ́n bà sí láyọ̀.

Ìyá àgbà tó fọwọ́ sí ìwé yìí ni olórí àwọn tó ń tọ́jú èrò lọ́jọ́ náà. Ebi ń pa á, bẹ́líìtì sì fún ikùn rẹ̀ bí okùn tí wọ́n fi di àpò ẹ̀gẹ́. Bí bàálù ṣe tún gòkè, ó bú àwọn awakọ̀ tó wà níwájú ní èébú tí kò ṣeé kọ sínú ìwé ìkẹ́dùn. Kò mọ̀ pé ìdí ńlá òun gan-an ni wọ́n ń gbà là.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sílẹ̀, Mubaraq dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí ọ̀gá òun má bínú. Ọláníyì ní, "Dìde jàre! Ìyàwó mi ì bá ti di opó." Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ti ń bẹ̀bẹ̀ pé Mubaraq ni kí wọ́n fi sọ́tùn-ún àwọn. Iléeṣẹ́ fi ipò ọ̀gá lọ̀ ọ́. Ó ní kí òun kọ́kọ́ kọ́ àwọn igbákejì tuntun bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹnu ẹ̀ ló wà tí àìsàn fi dé. Ìyá wa, ọmọ yín mọ iṣẹ́.

Bushrah ìyàwó rẹ̀ kò ní dá gbé ẹrù yìí. Anas ọmọ rẹ̀, tó ń kàwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń gbé àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Under G, ti di ọmọ ilé Ọláníyì. Ọláníyì ń bọ̀ wá síbi fídáù, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹ má gbé àga ọ̀gá fún òun. Ọwọ́ ọ̀tún Anas lòun fẹ́ jókòó sí.

Kí Ọlọ́run Aláàánú forí ji Mubaraq, kó fi àlìjánnà ṣe ilé rẹ̀. Kó nu omijé yín nù, Ìyá wa, kó má sì jẹ́ kí ẹ tún fojú rí irú èyí mọ́. Àmín.

Grace Àtinúkẹ́ Ọlọ́runnísọ̀lá,
Akọ̀wé, lórúkọ Ẹgbẹ́.