Wọ́n Ka Ọmọ Ayálégbé, Wọn Ò Ka Ọmọ Mi

Ìsọlọ̀,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, 1963.

Ọmọ́níkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ariwo Èkó. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ìránṣọ ń lọ déédéé ní Láfíàjí? Ewu kò ní wu ọ́. Bàbá rẹ ń kí ọ, eékún rẹ̀ ti ń san, ó ti ń dá lọ sóko.

Lánàá ni akọ̀wé ìjọba tó ń ka ènìyàn dé ilé wa. Mo kọ́kọ́ fẹ́ lé e, nítorí a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ní bí a bá ṣe pọ̀ tó ni ìjọba yóò ṣe fún wa ní omi ẹ̀rọ, ni mo bá gbé àga fún un. Nígbà tó kàn ọ́, mo dárúkọ rẹ. Ó ní òun ò lè kọ ẹni tí òun ò fojú rí. Mo gbé fọ́tò tí o yà lọ́dún Iléyá wá, ó ní fọ́tò kọ́. Mo ní, ṣé kì í ṣe ojú la fi ń wo fọ́tò ni? Ọkùnrin náà kàn ń nu òógùn. Mo wá fi sílíǹgì mẹ́wàá tí o fi rán Yẹ̀kínì onímọ́tò sí wa hàn án, ó ní owó kì í ṣe ènìyàn.

Má bínú o, a ti fi yàrá rẹ háyà fún Àjíbóyè, bíríkìlà ará Èkìtì tó ń kọ́lé ní Òṣòdì. Ẹ̀yin ọmọ wa ń sá lọ sí Èkó, ọmọ ẹlòmíràn ń sá bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, n ò mọ ohun tí kálukú ń lé. Akọ̀wé ka Àjíbóyè, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin, ó tún ka ìkókó tí wọ́n bí ní ọjọ́ Àìkú, tí wọn ò tíì sọ lórúkọ. Ìwọ tí a sọ ní orúkọ mẹ́ta, wọn ò kà ọ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé ilé wa, kò sí ẹni tí mo bí nínú wọn. Ó dùn mí gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọn yóò kà á parí. Bí wọ́n bá kà ọ́ mọ́ ilé onílé rẹ, o ti di ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba nìyẹn, èmi tí mo rọbí ọjọ́ méjì á wá di ẹni tí kò bímọ. Sá pamọ́ fún akọ̀wé Láfíàjí, kí o wọ mọ́tò Yẹ̀kínì tó mú lẹ́tà yìí wá wálé lọ́la, kí akọ̀wé tiwa lè fojú rí ọ.

Owó kẹrosíìnì ti tán, a ò sì tíì san ti oògùn eékún bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n má fi rán Yẹ̀kínì, fọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Mo ti ro ọ̀rọ̀ akọ̀wé yẹn títí, òótọ́ ló sọ, owó kì í ṣe ènìyàn.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí wọn yóò kà títí ìwé yóò fi kún. Mo ti tẹ́ ẹní rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ṣubúọlá.