Màmá Ìpàdé, Ìyá Tó So Ilé Ẹ̀kọ́ Mọ́ Ilé Iṣẹ́

Ọdún 1949 ni a bí ìyá wa ọ̀wọ́n, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Màmá Ìpàdé, sínú agboolé àwọn alágbẹ̀dẹ. Ìró òòlù baba wọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó mọ agogo ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n kàwé, wọ́n di olùkọ́, bàbá wa oníṣẹ́ iná sì gbé wọn níyàwó ní 1973. Bàbá a máa ṣàwàdà pé òun ló gbéyàwó, ìjọba ló ń lò ó.

Ní 1996, ìjọba fi Màmá ṣe olórí ọ́fíìsì tuntun tí yóò mú kí girama, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lórí bí ọmọ yóò ṣe dé ìdí iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti kàn wọ́n nílé. Àkọ́bí wọn kọ́ṣẹ́ jórinjórin fún ọdún mẹ́ta ní girama. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ṣetán, ilé iṣẹ́ ní ayé ti kọjá ẹ̀rọ tó mọ̀. Ọmọ káwọ́ lẹ́rán nílé. Ó dun Màmá wọ akínyẹmí ara.

Ní ìpàdé àkọ́kọ́, kálukú ń di ẹ̀bi ru ẹnìkejì. Nígbà tí Màmá ní kí àwọn olùkọ́ lọ wo ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì bi wọ́n bóyá olùkọ́ tún fẹ́ lọ di ọmọ iṣẹ́ ni. Màmá kò bá a jà. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, Màmá fúnra wọn wọ ṣòkòtò iṣẹ́, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́ àwọn jórinjórin. Iná jó apá aṣọ wọn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, Màmá sì tún padà lọ lọ́jọ́ kejì. Ojú ti ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ kó àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n fẹnu kò pé ohun tí ọmọ bá ti kọ́ ní girama, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò gbọdọ̀ ní kó tún un kọ́ mọ́, àwọn agbanisíṣẹ́ yóò sì tètè máa sọ irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń wá.

Olùfọkànsìn ni Màmá nínú ìjọ. Ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run kò fún wọn lóhùn. Agídí ni wọ́n fi ń kọrin.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2009, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà wọ́n: pé bí àwọn bá ti kúrò, kálukú yóò padà sí àyè rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì tún máa káwọ́ lẹ́rán.

Màmá papò dà lọ́dún yìí. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti àbúrò kan sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ikú wọn ni ìpàdé girama, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti àwọn agbanisíṣẹ́ bọ́ sí. Ẹbí ránṣẹ́ pé kí wọ́n sún un síwájú nítorí Màmá. Wọn kò gbà. Inú bí wa. Àkọ́bí, tó ti di ọ̀gá àwọn jórinjórin, lọ fìjà pẹẹ́ta níbẹ̀. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìsinsìnyí, obìnrin kan tí kò fojú kan Màmá rí, dìde kí i. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ tó máa jáde lóṣù tó ń bọ̀ ò tíì níbi tí wọ́n ń lọ."

Ẹ̀gbọ́n wa fa àga, ó bá wọn jókòó.

Màmá, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ sùn re, kí Ẹlẹ́dàá tẹ́ ibùsùn ìsinmi fún yín.