Màámi, Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Gbé Bàbá Káfíńtà Lọ Sọ́sibítù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ṣàngó-Ọ̀tà níbí. Mo kí Bàámi, mo kí Bọ́lá àbúrò mi. Orí Wáàsáàpù àdúgbò wa ni mo gbé lẹ́tà yìí sí kí gbogbo ènìyàn lè kà á, nítorí mo pè yín láàárọ̀ yìí, ẹ ní kí n má dójú tì yín.

Inú ń bí mi, Màámi. Látọjọ́ tí yunifásítì ti gbà mí láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ ti ní Ìyá Nọ́ọ̀sì ni kí wọ́n máa pè yín. Mo fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àná ni Bọ́lá sọ fún mi pé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bàbá Káfíńtà, aládùúgbò wa, ti dúdú, ó ti ń rùn. Ó ní àwọn ọmọ bàbá fẹ́ gbé e lọ sọ́sibítù, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé nọ́ọ̀sì yín ní omi iyọ̀ ti tó.

Nọ́ọ̀sì wo? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo tíì lò. Bí a ṣe ń fọwọ́ àti bí a ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ wa.

Lóòótọ́, mo dárúkọ omi iyọ̀ nígbà tí ẹ pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ní ẹnì kan fẹsẹ̀ gbá òkúta. Òjò ti pa mí bọ̀ láti kíláàsì, mo dáhùn wéré kí n lè sùn. Ẹ ò sọ pé Bàbá Káfíńtà tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni, èmi náà ò sì béèrè. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n lè jẹun láti àná. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi di bisikíìtì sí páálí ní ilé iṣẹ́ kan ní Agbára kí n tó wọ yunifásítì. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń pè mí ní àǹtí, kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ilé. Bí ẹ bá pè, inú mi á dùn, àfi kí n gbọ́ pé àìsàn ará àdúgbò lẹ tún kó wá. Ẹ kì í béèrè bóyá mo jẹun.

Ẹ̀yin ọmọ Bàbá Káfíńtà, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé e lọ nísinsìnyí, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Màámi, ojú á tì yín, á sì tì mí. Ìtìjú náà á kúrò tó bá yá. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bá gé kì í hù.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín,
Fọláṣadé, tí kò tíì di nọ́ọ̀sì.