Ọgbẹ́ Àdá Lójú Oórì Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ọkọ mi ti ṣá ojú oórì yín ládàá. Láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀rù ti ń bà mí bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín, n ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó rọ̀. Ní pàlọ̀ yín níbí, níbi tí ẹ ní ká sin yín sí kí ẹ lè máa gbọ́ ẹni tó bá ń wọlé, sìmẹ́ǹtì ti là láti apá orí yín débi àyà. Èmi ló fẹ́ ṣá. Mo yẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ bá mi gbà á.

Ẹ ò mọ̀ pé mo ti padà sílé. Àbí ẹ mọ̀? Bàbá Mojí tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fà mí lé lọ́wọ́ ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ádó báyìí. Ìpínlẹ̀ tí ẹ retí títí ẹ fi lọ ti dé, Bàbá. A ti kúrò lábẹ́ Àkúrẹ́. Ó ní ọ́fíìsì, ó ní tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ sì wá le sí i nílé. Bẹ́líìtì ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sá, iyán ni mò ń gún. Ó ní kókó pọ̀ nínú rẹ̀, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi, ó fi ṣẹ́ mi lápá òsì. Mo gbọ́ bí egungun ṣe dún. Ọwọ́ kan tó kù ni mo fi gbé Mojí, a wọ takisí wá sí Ìkẹ́rẹ́.

Ẹ dárí jì wá nítorí ilé yín. "Ulé mi" lẹ máa ń pè é, bí ẹni ń pe ọmọ. Láti ìgbà tí a ti sin yín, kò sẹ́ni tó sùn níbẹ̀ mọ́. Páànù ti dípẹtà, òjò ń wọ yàrá Ìyá mi, ikán ti jẹ ilẹ̀kùn tán nínú, ó ku èèpo rẹ̀ lásán. Ewúrẹ́ àdúgbò ló ń sùn lórí yín. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, wo apá mi tó wú, ó ní ọmọ ilé wa kì í dálé mosú, kí n jẹ́ kó san kí n padà. Mo ká aṣọ, ó rí ojú bẹ́líìtì lẹ́yìn mi. Ó ní sùúrù ni wọ́n fi ń gbé ilé ọkọ.

Ṣé ẹ rántí pé bí òjò bá ti dá, ẹ máa ń fi ìka kan ògiri kiri, ẹ ó dẹtí, ẹ ó ní kí èmi náà kàn án? Mo ń kàn án. Ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú kí apá tó san. Nígbà tó san, ibi tó bá ti dún bí igbá òfìfo, mo fi ọkọ́ wó o. Bí mo ṣe ń wó o ni mò ń sunkún, tí mò ń pe orúkọ ọkọ mi mọ́ ọn. Mo po amọ̀, èmi àti Mojí fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, mo mọ ògiri ẹ̀yìn padà. Ó wọ́ díẹ̀. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ lù ú, kò wó, èmi náà ò sì wó.

Àárọ̀ Sátidé ni Bàbá Mojí dé. Mo kúnlẹ̀, mò ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ pàlọ̀ bí Ìyá mi ṣe máa ń ṣe. Ó fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ bí èlùbọ́. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dálémosú, lónìí ni wàá bá mi lọ sílé, yálà lódindi, yálà ní wẹ́wẹ́."

Mo yí gbirigbiri lórí oórì yín. Àdá bọ́ síbi tí ọrùn mi wà tẹ́lẹ̀, iná ṣẹ́, sìmẹ́ǹtì là, àfọ́kù rẹ̀ ya etí mi. Mo da abọ́ ìgbẹ́ màlúù lé e lójú. Mo fa ọmọ odó Ìyá mi yọ ní igun ilé, mo gbá a lórúnkún títí ó fi wólẹ̀, mo tún gbá ọwọ́ tó mú àdá. Ó dún bí tèmi ṣe dún. N ò ní purọ́ fún yín, Bàbá, ó dùn mọ́ mi. Ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Bàbá Kékeré sáré wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn létí mi, kò wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ ibi tó là, ó yíjú sí ọkọ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi lo ṣá yìí?"

Ó gbá a létí, ó wọ́ ọ jáde bí òkú ewúrẹ́. Ara tèmi gba bẹ́líìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ní sùúrù. Sìmẹ́ǹtì yín gba àdá ẹ̀ẹ̀kan, ó di ọ̀rọ̀ ìdílé. Ṣé ó dìgbà téèyàn bá kú kí wọ́n tó gbà á sílẹ̀ ni?

Àwọn èèyàn rẹ̀ ti wá bẹ̀bẹ̀. Wọ́n fa ewúrẹ́, wọ́n gbé ẹmu wá láti fi tù yín. Bàbá Kékeré ti gbà. Ó ní bí bíríkìlà bá ti dí ojú oórì, ọ̀rọ̀ parí, kí n di ẹrù, kí n kó Mojí padà. Ewúrẹ́ tèmi dà? Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní dí i títí àwọn adájọ́ kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ á fi wá wò ó, kí wọ́n tú wa ká, kí wọ́n sì fi Mojí sílẹ̀ fún mi. Nínú gbogbo ohun tó ṣe, ojú oórì yín nìkan ni ẹ̀rí tí àwọn èèyàn wa gbà gbọ́. Ó bi mí pé irú ọmọ wo ló ń fi ọgbẹ́ baba rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá lójúde báyìí, àyà mi á já.

Mo ti fi ilẹ̀kùn tuntun sí ilé yín, igi ìrókò, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀. Mojí náà ti ń kan ògiri. Lánàá ó gbé etí lé ògiri wíwọ́ tí mo mọ, ó ní èyí le, Màmá. Inú ilé yìí ni mo fẹ́ kó dàgbà sí.

Bíríkìlà ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Bó bá ń dùn yín, màá yà fún un, màá wá nǹkan mìíràn fi han àwọn adájọ́. Bí ẹ bá lè fara dà á díẹ̀ sí i nítorí mi, ẹ jẹ́ n mọ̀, ìbáà ṣe lójú àlá, ìbáà ṣe kí ẹ kan ògiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fún mi lésì.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń dẹtí sí ògiri.