Àgbò Bàbá Sodiqat àti Òdòdó Tó Ń Fẹ́ Iná

Ilé Olókùn,
Òkè-Ọjà,
Àgọ́-Àmọ́dù,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Ṣubúọlá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara ìyá ọkọ rẹ ti le dáadáa, àbí ìgbà tí iṣẹ́ bá délẹ̀ nìkan ni àìsàn wọn ṣì máa ń dé? Mojeed ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń sùn sídìí òfì? Mo kí àwọn ọmọ o. Ará Ìsẹ́yìn, ẹ kú ọyẹ́. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọyẹ́ ti la ètè wa, ṣùgbọ́n kò dí mi lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Mo mọ̀ pé inú ń bí ọ sí mi. O ti ránṣẹ́ títí pé òwú àwọ̀ ìyeyè tí mo máa ń rẹ fún ọ kò dé mọ́, pé àwọn oníbàárà rẹ kò fẹ́ èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà rẹ. Mo sì ń dá ọ lóhùn pé ó ń bọ̀, n kò sọ ohun tó fà á. Ojú ló ń tì mí. Wàyí o, jókòó kí n sọ bí a ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìfẹ́ pa igi tó ń bọ́ èmi àti ìwọ.

O mọ ràwáyà, igi kúkúrú inú ọ̀dàn tí à ń gé gbòǹgbò rẹ̀ se láró ìyeyè. Orúkọ tí àwọn Gàmbàrí tó ń rà á ń pè é ló mọ́ wa lẹ́nu. Láyé ìyá mi, kò sí ibi tí èèyàn kì í ti í rí i. Ṣùgbọ́n katakata ń tú ilẹ̀, àwọn tó ń kó gbòǹgbò tà sì ń hú u tìdí-tìdí, títí tó fi jẹ́ pé ọ̀dàn kan lọ́nà Irawo ló kù tí ó ti pọ̀ díẹ̀.

Àwa ará àdúgbò bá kó ara wa jọ láti dáàbò bò ó. Ọkọ mi, Bàbá Sodiqat, ni wọ́n fi ṣe alága, o sì mọ bí Mákánjúọlá ṣe máa ń rí tó bá ti di alága nǹkan: ó ra fìlà tuntun. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú ràwáyà mọ́, ìyẹn dára. Ó tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sí ọ̀dàn yẹn, pé iná ni ọ̀tá igi. Ẹni tó bá dáná sí i yóò mú àgbò wá, kí gbogbo àdúgbò jẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ ìyàwó ilé ló ṣe é, ọkọ rẹ̀ ni yóò mú àgbò wá. Èmi ló ń wò nígbà tó ń sọ ìyẹn. Gbogbo wa ṣe àmín.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá láìsí iná, òmíràn tún dé. Koríko bẹẹrẹ ga ju orí èèyàn lọ, ó sì bo ràwáyà mọ́lẹ̀. Kò yọ òdòdó, kò so, èyí tó kù sì ń rọ. Bí mo bá gé gbòǹgbò rẹ̀, mo mọ̀ pé kò ní í padà sípò mọ́. Mo máa ń lọ wò ó, màá sunkún díẹ̀ kí n tó padà wálé.

Àfi bí iná àwọn ọdẹ Irawo ṣe jó òdìkejì ọ̀nà, níbi tí òfin wa kò dé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, a ń ti ìsọmọlórúkọ bọ̀, la bá rí òdòdó ìyeyè tó ń yọ láti inú eérú, kò tilẹ̀ tíì ní ewé. Ìwọ̀nba ràwáyà tó wà níbẹ̀, tí a kò kà sí rárá, òun ló ń tanná. Gbogbo ọ̀kadà ló dúró. Bàbá Ládòkun, tó dàgbà jù nínú wa, ní àṣé iná ni oúnjẹ igi náà, òun la sì ń lé sá fún un.

Ó wá kù kí a dáná. Ibẹ̀ gan-an ni eré wà. A dá ọjọ́. A ti ro etí ọ̀dàn yíká kí iná má baà kọjá sí oko, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọkùnrin mú ẹ̀ka tútù dání, àwa obìnrin ru omi. Gbogbo èèyàn wà níbẹ̀ àyàfi ẹni tí yóò ṣá ìṣáná. Òfin àgbò ṣì wà, alága sì ti sọ fún gbogbo ayé pé òfin òun kì í yẹ̀. Nínú àwọn ọkùnrin náà, Abọ́dúnrìn ní kí Wàhábì ṣá a, Wàhábì ní ìka ń dun òun. Bàbá Ládòkun ní ẹni tó bá ti ṣe àlùwàlá kì í fọwọ́ kan ìṣáná mọ́, irọ́ funfun báláú.

Ọkọ mi bá sún fìlà síwájú, ó ní kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ìlú jáde. Mo bá jáde. Mo ní, "Bàbá Sodiqat, ẹ ṣeun, mo nífẹ̀ẹ́ ìlú." Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bẹẹrẹ ti gbiná. Kò tilẹ̀ wo iná náà. Ọ̀nà ilé ló kọjú sí, níbi tí àgbò funfun tó ń sìn de Iléyá wà, èyí tó ń fún ní búrẹ́dì, tó sì ń fi ọṣẹ mi wẹ̀ fún. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Iná jó dáadáa, ó sì kú sétí ibi tí a ro. Ní Sátidé a jẹ àgbò. Mo bu ẹran fún ọkọ mi, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó ti mu kókó láàárọ̀, ojú mi ló ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ ju "omi dà" lọ.

Òdòdó wá yọ. Ṣubúọlá, mo kúnlẹ̀ sínú eérú. Ilẹ̀ dúdú kirikiri, òdòdó sì pọ̀ débi pé n kò mọ ibi tí mo lè fẹsẹ̀ lé. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Àwọn ará Ṣakí ń wá yà á ní fọ́tò, bí Bàbá Sodiqat sì ṣe rí fọ́tò ló rí ohùn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní òun ló rán mi kí n ṣáná, pé tọkàntọkàn lòun fi àgbò náà sílẹ̀. Mo fi ìbòrí bo ẹnu.

Bàbá Ládòkun di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní àwọn ti ń wá ẹni tí yóò máa ṣe é lọ́dọọdún, nítorí bí a bá tún dáwọ́ dúró, bẹẹrẹ yóò padà wá pa igi náà. Wọ́n ní àwọn kò ní í yí òfin padà, torí kì í yẹ̀. Mákánjúọlá ni yóò máa ṣáná, òun náà ni yóò sì máa mú àgbò wá, níwọ̀n ìgbà tó ti jẹ́ tọkàntọkàn. Gbogbo mọ́ṣáláṣí ṣe àmín.

Jọ̀ọ́, fi sùúrù sí ọ̀rọ̀ òwú. N kò ní í gé gbòǹgbò kankan lọ́dún yìí, kí ó so, kí irúgbìn rẹ̀ tàn ká ná. Bá mi kí Mojeed àti ìyá wọn, kí o sì bá mi gbé ọmọ rẹ tó kéré jù mọ́ra.

Ọkọ mi ti gun ọ̀kadà lọ sí Ṣakí báyìí, ó lọ wo àgbò méjì, ọ̀kan fún Iléyá, ọ̀kan fún iná. Kó tó lọ, ó bi mí irú èyí tó yẹ kí òun rà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò bi mí ní nǹkan látọjọ́ yẹn nìyẹn. Mo ní kó ra èyí tó sanra.

Èmi tìrẹ náà ni, tí aṣọ mi ṣì ń rùn èéfín,
Fàòsíyà.