Omi Lílọ́ Wọ́ọ́rọ́ fún Màmá Ọ́kíìdì

Ọ̀rìn-Èkìtì,
Àsìkò ọyẹ́.

Láolú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọyẹ́ Agége kò tíì la ètè rẹ? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, àfi ewúrẹ́ mi tó jẹ káàdì ìdìbò mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé òun ni yóò lọ dìbò.

Jemimah, ìyàwó Wòlíì, tẹ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ fún mi gbọ́. Mo ń kí ọ, o ò dáhùn, ṣe lò ń sọ̀rọ̀ lọ ràì. Mo ní kó tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lo tún sọ láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ọ́ gan-an.

O ní nínú ilé gíláàsì tó wà ní ọgbà òdòdó tí o ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà, àwọn Ọ́kíìdì kò gbọ́dọ̀ fara kan omi tútù nínú ọyẹ́ yìí. Mo dúpẹ́ pé Èkó ò tíì gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ, o ṣì ń fi "àwọn" àti "wọ́n" pe àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n o ní òdòdó pupa wà lórí wọn. Háà, Màmá Ọ́kíìdì, lọ́jọ́ ogbó! O tún ní ewé wọn ti ń rọ. Ewé àgbo ni, àbí? Ẹ tètè sè é kó tó bàjẹ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé omi wọn gbọ́dọ̀ ní ogún dígíríì. Láolú, ìwọ tí mo ta ilẹ̀ kòkó torí rẹ kí o lè lọ sí yunifásítì, ẹyọ kan ṣoṣo lo gbà. Ilé ìwé wo lomi yẹn lọ?

Àmọ́ nígbà tí o ní ọ̀gá rẹ, Àlàájì Nùréènì, sọ pé bí wọ́n bá fi lè kú sí ọ lọ́wọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, pé torí bẹ́ẹ̀ o ò ní lè wálé ọdún, mo gbé oúnjẹ tí mò ń jẹ tì. Ọdún kẹta rèé. Àárò rẹ ń sọ mí, ọmọ mi.

Mo sáré lọ bá Wòlíì. Ó gbàdúrà sí omi kẹ́ẹ̀gì méjì, ó ní o ò gbọ́dọ̀ gbé e kaná kí agbára má baà bá ooru jáde, inú oòrùn ni kí o gbé e sí títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èmi fúnra mi ni mò ń gbé e bọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, Job onímọ́tò á já mi sí Dopemu. Ìwọ ṣáà sinmi, èmi ni n ó wẹ̀ fún Màmá Ọ́kíìdì. Mo ti ra ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn tuntun tó le dáadáa. N ó kọ́kọ́ já òdòdó yẹn kúrò lórí wọn, n ó wá fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní láti orí dé ẹsẹ̀.

Fi owó ọkọ̀ sínú fóònù Jemimah, kí o fi ọ̀rá wé e kó má baà ya. Fi ti ẹja díẹ̀ sí i.

Olúwa kò ní jẹ́ kí Màmá kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìwọ náà á dàgbà, wàá sì rí ẹni gbé omi kaná fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Morẹ́nikẹ́.