Kẹ̀kẹ́ Àṣá Tí Mo Gbé Lọ Kùn

Yàrá Kẹta,
Òkè Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ.
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ oògùn? Ara tèmi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó máa kà á lọ.

O rántí kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ, Àṣá wa, tó o fi sí mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀. Ogún ọdún ló fi wà lára ògiri yàrá mi. Mò ń nù ún, mò ń fi epo sí ṣéènì rẹ̀, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Nígbà tó o kọ̀wé pé ò ń bọ̀ wálé, inú mi dùn débi pé n kò ronú mọ́. Mo rí i pé kẹ̀kẹ́ náà ti dógùn-ún, mo wá gbé e lọ fún pẹ́ńtà tó ń kun mọ́tò, pé kó kùn ún ní pupa bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

O mọ̀ pé Bàbá Ajórin tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ fún ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ wa, àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń kọ ìnagijẹ oníkálukú sára irin. Àṣá ló kọ̀ jálẹ̀. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn, ó kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ sẹ́yìn, lábẹ́ ìjókòó: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lé mi bá." Gbogbo àárọ̀ Sátidé tá a bá ń gun òkè, ìwọ lò ń tẹjú mọ́ ọn, tí ò ń bú u, tí ò ń wa kẹ̀kẹ́ kíkankíkan. Èmi á máa mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn yín.

Yéè, ọ̀rẹ́ mi! Mo ti gbé e délé kí n tó wo ibẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ó ń dán gbinrin. Mo sáré padà, pẹ́ńtà ní òun rí ohun kan tí wọ́n kọ játijàti síbẹ̀, òun rò pé ọmọdé ló bà á jẹ́, lòun bá ha á kúrò. Kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mi ò kìlọ̀ fún un.

Mo sunkún lọ bá Bàbá Ajórin. Wọn ò ríran mọ́. Wọ́n fọwọ́ pa ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀, wọ́n ní, "Ti Àṣá nìyí." Mo ní kí wọ́n bá mi tún ọ̀rọ̀ náà kọ. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọwọ́ àwọn, àwọn ò lè kọ ọ́. Wọ́n wá ní kí ọmọ wọn obìnrin mú okùn kan wá láti ara ìṣó: èyí tí wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ Àṣá kí wọ́n tó gé irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kókó kan níbi orúnkún, kókó kan níbi itan. Wọn ò jù ú nù látọjọ́ yìí.

Òun ló wà nínú àpòòwé yìí. Mi ò ní kó o dárí jì mí báyìí. Bá mi kí màmá, mi ò mọ bí wàá ṣe sọ fún wọn. Mo na okùn náà sí ẹsẹ̀ tèmi kí n tó ká a. Ọmọ yẹn ga jù mí lọ, mo ti gbàgbé.

Èmi ni, ẹni tó máa ń dé kẹ́yìn,
Ìgbín.